Bí A Ṣe Ń Dá Ẹyẹ Omi Mọ̀ Lásìkò Ọyẹ́

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin òǹwòran wa. Etí adágún omi Ọ̀pá la wà, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ọyẹ́ ti dé, omi ti fà, ẹrẹ̀ ti yọ, ibẹ̀ sì ni àwọn ẹyẹ ti ń wá oúnjẹ.

Àwọ̀ ló máa ń ṣi èèyàn lọ́nà jù. Ẹyẹ funfun èyíkéyìí tá a bá ti rí, lékeléke la máa ń pè é. Ẹ wo àwọn mẹ́ta yìí: gbogbo wọn ló funfun, àmọ́ oríṣi mẹ́ta ni wọ́n. Èyí tó kúrú, tí ọrùn rẹ̀ ki, tí àgógó ẹnu rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, lékeléke gan-an nìyẹn, ọ̀rẹ́ màlúù, tí àwọn ọmọdé máa ń na ìka sí pé kó fún àwọn ní èékánná funfun. Èkejì, àgógó rẹ̀ tín-ín-rín, ó dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà dúdú. Ẹ ní sùúrù títí yóò fi gbé ẹsẹ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀: ọmọ ìka rẹ̀ nìkan ló jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, àfi bíi pé ó wọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ̀kẹta ga fíofío, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú dé ìka. Ẹ má gbára lé àgógó tirẹ̀ o, torí ó máa ń di dúdú nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin. Igun ẹnu rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò: ìlà ẹnu náà gùn kọjá ẹ̀yìn ojú.

Ẹyẹ kékeré tó ń ju ìdí lórí òkúta yẹn, àlejò láti Yúróòpù ni.

Ṣé ẹyẹ kan náà lẹ rí lẹ́ẹ̀mejì, àbí ẹyẹ méjì? Ẹ wo ẹyẹ apẹja aláwọ̀ dúdú àti funfun tó ń fi apá lu afẹ́fẹ́ lójú kan lókè omi yìí. Ọ̀já dúdú méjì ló wà láyà akọ. Ẹyọ kan ló wà láyà abo, ó sì gé láàárín. Ẹ tún wo ìyẹ́ apá tó bá já. Àmì dáadáa ni, àmọ́ kò wà fún ọjọ́ pípẹ́, torí ìyẹ́ tuntun yóò hù.

Báínókúlà 8x42, ìyẹn awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́jọ, tí gíláàsì iwájú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 42, ló dáa jù fún ọwọ́ lásán. Èyí tó bá ń sọ nǹkan di ńlá ju ìyẹn lọ, bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀, àwòrán á máa mì. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, kí ẹ sì dúró kí kùrukùru ká. Ẹ fẹ́ eruku kúrò lójú gíláàsì kí ẹ tó nù ún, torí eruku ọyẹ́ máa ń ha á.

Bí ẹ bá rí òrùka tí àwọn onímọ̀ ẹyẹ fi sí ẹsẹ̀ ẹyẹ kí wọ́n lè dá a mọ̀, ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ṣáájú ọ̀tún. Òsì ẹyẹ ni o, kì í ṣe tiyín: bó bá kọjú sí yín, òsì rẹ̀ ló wà lápá ọ̀tún yín.