Bí Nǹkan Ṣe Ń Gba Iná Sára àti Bí Iná Náà Ṣe Ń Kúrò: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ìgbà Ọyẹ́ ní Kàbà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó jókòó síbí. Ọyẹ́ ti dé, ètè ti ń sán, òkè tó wà létí ìlú kò sì fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́ nínú eruku. Lásìkò yìí ni ẹni tó bá ń bọ́ súwẹ́tà lálẹ́ máa ń gbọ́ tí ara rẹ̀ ń dún ta-ta-ta, tí yóò sì rí i tí nǹkan ń tàn nínú òkùnkùn. Lásìkò yìí náà ni èèyàn máa ń fọwọ́ kan irin ilẹ̀kùn ọkọ̀, tí nǹkan á sì ta á bí ìgbà tí kòkòrò ta èèyàn. Àwọn ọmọ kan ti bi mí bóyá nǹkan ń ṣe àwọn ni. Kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Iná mànàmáná ni, ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú èyí tó ń tan gílóòbù nílé wa. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èyí dúró sójú kan lára nǹkan, kò máa ṣàn gba inú wáyà.

Àṣìṣe tí mo kà sí èyí tó gbilẹ̀ jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni kí a rò pé fífi nǹkan ra nǹkan ló ń dá iná sílẹ̀. Kò sí iná kankan tí a dá sílẹ̀. Iná ti wà nínú gbogbo nǹkan tẹ́lẹ̀, láti orí igi àti òkúta títí kan awọ ara wa, nítorí pé átọ́mù, ìyẹn ẹyọ tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí, ni a fi ṣe gbogbo wọn. Ní àárín átọ́mù ni prótọ́nù wà, tó ní iná tí a ń fi àmì àròpọ̀ kọ. Ní ìta ni ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ń yí ká, tí tirẹ̀ ń gba àmì àyọkúrò. Níwọ̀n ìgbà tí méjèèjì bá ṣe déédéé, a kì í mọ̀ pé iná wà níbẹ̀. Prótọ́nù kì í kúrò ní àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tó wà ní ìta lè ṣí lọ sára nǹkan mìíràn. Èyí tó pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́nù á wá ní àròpọ̀, èyí tó gbà á sì á ní àyọkúrò, iye tí ọ̀kan fi sílẹ̀ sì ni iye tí èkejì gbà, láìsí ẹyọ kan tó sọnù.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú: báwo ni ẹni tó gba kún tirẹ̀ ṣe ń jẹ́ àyọkúrò? Benjamin Franklin ní Amẹ́ríkà ló fún ẹ̀yà iná méjèèjì ní orúkọ yìí ní nǹkan bí ọdún 1747, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun tó ń ṣí lọ gan-an. Ìgbà tí J. J. Thomson ṣàwárí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1897, àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn náà, ni ó wá hàn pé ìhà àyọkúrò ni ẹ̀lẹ́kítírọ́nù bọ́ sí. Orúkọ ti mọ́ gbogbo ayé lẹ́nu nígbà náà, kò sì ṣeé yí padà mọ́.

Ẹ wo òòyà ike tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Mo fi ya irun lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo gbé e sún mọ́ bébà tí mo ti ya wẹ́wẹ́, bébà náà sì fò mọ́ ọn. Òòyà ti gba ẹ̀lẹ́kítírọ́nù lára irun. Ìfarakanra ló fa èyí, nítorí pé ọwọ́ tí nǹkan fi ń di ẹ̀lẹ́kítírọ́nù rẹ̀ mú kò le bákan náà; irun àti gíláàsì máa ń tètè jọ̀wọ́ tiwọn, ọ̀rá àti ike sì máa ń gbà á. Iṣẹ́ tí ríra ń ṣe kò ju pé ó ń jẹ́ kí ojú tó pọ̀ sí i lára àwọn méjèèjì pàdé. Ní ti bébà, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: òòyà lé ẹ̀lẹ́kítírọ́nù inú rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ìhà tó wà nítòsí sì di àròpọ̀, ni òòyà bá fà á.

Òwú wà ní nǹkan bí àárín, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì tún máa ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́. Nítorí náà, aṣọ òwú irú èyí tí àwọn ìyá wa ń hun ní Ògìdì kì í sábà dún ta-ta lára ẹni, ṣùgbọ́n aṣọ tí a fi fọ́nrán ọ̀rá hun, pàápàá tí ó bá wà lórí súwẹ́tà, kì í dákẹ́ nígbà ọyẹ́.

Bí iná ṣe ń kúrò ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí pé ibẹ̀ ni ewu wà. Iná tó wà lára nǹkan ń wá ọ̀nà lọ sí ilẹ̀ nígbà gbogbo. Irin, omi àti ara èèyàn máa ń jẹ́ kí ó kọjá; ike, rọ́bà àti gíláàsì gbígbẹ kì í jẹ́ kí ó kọjá, ó sì lè wà lójú kan náà lára wọn fún ìgbà pípẹ́. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè fi irin tí a dì mú lọ́wọ́ ṣe ohun tí a fi òòyà ṣe: bí irin bá ṣe ń gba iná ni iná ń gba ara wa lọ sílẹ̀. Lásìkò òjò, omi fẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú kò lè rí máa ń lẹ̀ mọ́ ara gbogbo nǹkan, iná sì ń gba ojú omi yẹn lọ wọ́ọ́rọ́ kó tó pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aginjù Sàhárà bá dé, omi yẹn á gbẹ, ọ̀nà á dí, iná á sì máa pọ̀ sí i lára ẹni tó wọ bàtà rọ́bà títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi sún mọ́ irin. Afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí iná kọjá, àfi tí ipá tó ń ti iná, tí a ń fi fólítì wọ̀n, bá tó nǹkan bí 3,000 fólítì fún mìlímítà kan. Nígbà náà ni afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ á já, iná á sì fò kọjá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ara wa kì í sábà mọ̀ ọ́n tí kò bá tó nǹkan bí 3,000 fólítì. Tí ó bá tó 5,000, iná tó ta yẹn gbé agbára tó ju mílíjíùlù kan lọ, ìyẹn ìdá kan nínú 1,000 jíùlù, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára. Ó kéré débi pé kò lè jó awọ ara, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára epo bẹntiróò kò nílò tó mílíjíùlù kan kó tó gbiná. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, ju súwẹ́tà lọ.

Nílé epo, mo máa ń rí àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì sórí ìjókòó ọ̀kadà tàbí sórí ike tí wọ́n tẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀, tí wọ́n sì ní kí wọ́n rọ epo sí i níbẹ̀. Epo tó ń sáré gba inú rọ́bà tí wọ́n fi ń rọ epo ń kó iná sára bí òòyà ṣe ń kó o lára irun, iná náà sì ń wọ inú kẹ́ẹ̀gì pẹ̀lú rẹ̀. Tí kẹ́ẹ̀gì bá jẹ́ irin tó jókòó lórí ike, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i, nítorí pé gbogbo iná tó kó jọ lè ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀wọ́, ilẹ̀ ni kí ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sí, kí irin ẹnu rọ́bà kan ẹnu kẹ́ẹ̀gì látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí epo sì rọra wọlé. Ẹni tó bá ti wọnú ọkọ̀ padà nígbà tí epo ṣì ń wọ táńkì, tí ó tún fẹ́ jáde, kí ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin ara ọkọ̀ tó jìnnà sí ẹnu táńkì.

Àwọn awakọ̀ táńkà tó ń gba ọ̀nà Ọbajáná kọjá mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Kí wọ́n tó já epo sílẹ̀, wáyà kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ so mọ́ ara ọkọ̀ kí iná lè gba ibẹ̀ lọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Òun ni wọ́n ń so ṣáájú rọ́bà, òun náà ni wọ́n sì ń tú kẹ́yìn.