Ẹyẹ Etí Odò Ọbà Nígbà Ọyẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ọyẹ́ ti mú, ètè ń là, eruku ò sì jẹ́ ká gbádùn. Àsìkò yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ lọ wo ẹyẹ létí Odò Ọbà.

Nígbà òjò, ibi gbogbo ló lómi. Ẹyẹ á fọ́n ká, koríko á sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Àmọ́ bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, tí àbàtà gbẹ, ìwọ̀nba omi tó kù nínú odò àti nínú ìdídò (dáàmù) omi-ẹ̀rọ ni gbogbo wọn ń ya lọ. Omi náà á sún sẹ́yìn, á fi ẹrẹ̀ sílẹ̀, inú ẹrẹ̀ yẹn sì ni oúnjẹ wọn wà. Nítorí náà, ẹ má kọ́kọ́ tẹjú mọ́ àárín omi. Etí ẹrẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.

Níbẹ̀ lẹ ó ti rí ẹyẹ kékeré kan, ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí ilẹ̀, ikùn rẹ̀ funfun, ìdí rẹ̀ kì í sinmi: bó ṣe ń rìn ló ń mì ín sókè sísàlẹ̀. Bó bá fò, kì í lọ sókè, ojú omi ló ń gbà. Common sandpiper ni àwọn olùwo-ẹyẹ ń pè é. Kò wúwo ju ẹyin adìẹ lọ, síbẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ló ti fò wá, ó sì la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Òtútù nìkan kọ́ ló lé e kúrò níbẹ̀, ebi ni. Bí ilẹ̀ bá ti dì, kò rí kòkòrò jẹ mọ́.

Lékèélékèé ní tirẹ̀ kì í ṣe ará òkè òkun. Ìhà Àríwá ló ń lọ nígbà òjò láti yé ẹyin kó sì tọ́mọ, á sì padà sọ́dọ̀ wa lẹ́ẹ̀rùn. Ẹni tó bá ti ń rí i lẹ́yìn màlúù ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Èyí tó wù mí jù ni jacana, ẹyẹ tó ń rìn lórí òṣíbàtà. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé ewé kì í rì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Akọ ló ń sàba, akọ náà ló ń tọ́mọ. Bí ewu bá dé, á kó àwọn ọmọ sábẹ́ apá, ẹsẹ̀ wọn nìkan lẹ ó rí tó ń fì dirodiro. Abo ti wá akọ mìíràn lọ ní tirẹ̀. (Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má bú mi.)

Pẹ́pẹ́yẹ ńkọ́? Èyí tó ti Yúróòpù wá sábà máa ń dúró ní Àríwá, bíi Adágún Ńgúrù ní Yobe, tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn Ramsar, àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo àwọn ilẹ̀ olómi, lọ́dún 2000. Èyí tí ẹ lè rí lọ́dọ̀ wa níbí, ojú rẹ̀ funfun, ọrùn dúdú, ó ń nàró bí ó bá dúró, ó sì máa ń súfèé dípò kó ké. Ọmọ onílẹ̀ gidi ni, àmọ́ kò ní gbowó fáńdéṣọ̀n lọ́wọ́ yín.

Láti 1967 ni wọ́n ti ń ka ẹyẹ omi lóṣù Kìn-ín-ní, ó sì ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè báyìí, nítorí àwọn ẹyẹ náà ti jókòó síbì kan nígbà náà, kò ní sí àkàtúnkà. Bí agbo bá pọ̀, ẹ ka mẹ́wàá àkọ́kọ́ dáadáa, kí ẹ wá fi ojú díwọ̀n ìyókù ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Òwúrọ̀ kùtùkùtù dára, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín. Ẹ bẹ àwọn olóko àkùrọ̀ kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá. Ẹ sì bá àwọn tó ń da Gàmálínì, oògùn apakòkòrò olóró, sódò fi pẹja wí, torí ẹyẹ tó jẹ ẹja yẹn á kú, ènìyàn náà ò sì mórí bọ́.

Ẹ kọ ọjọ́, aago àti ibi tí ẹ dúró sí sílẹ̀. Bí ẹ bá lọ tí ẹ kò rí ẹyọ kan, ẹ kọ òdo sínú ìwé, ẹ má fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo: ẹni tó bá ka ìwé yín lọ́dún tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ lọ.