Igi ẹ̀gẹ́ àti Windows: ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà sọ ní Bódìjà

Ẹ̀yin tẹ́ ò ráyè wá ní Sátidé, ohun tí mo sọ nípa Bill Gates rèé, mo ti yọ ibi tí iná ti lọ tá a wá ń pariwo bo jẹnẹrétọ̀ kúrò.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Agbowó nígbà kan, kọ̀ǹpútà mẹ́ta péré, à ń bá àwọn ọmọ UI tẹ project. Windows orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú CD kan ṣoṣo ló ti jáde, wọ́n fi báírò kọ orúkọ ẹ̀ sí i lára. Tẹ́ ẹ bá pè mí lólè nígbà yẹn, màá ní olè wo, ṣebí ẹni tó yá mi ní CD ṣì ní tiẹ̀ lọ́wọ́.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tí mo bá ta iṣu fún yín, iṣu ti kúrò lọ́wọ́ mi nìyẹn. Sọ́fítíwíà ò rí bẹ́ẹ̀, igi ẹ̀gẹ́ ló jọ. Aládùúgbò ní kẹ́ ẹ fún òun nígi ẹ̀gẹ́, ẹ gé e fún un, tiyín ṣì wà lóko, tó bá dọdún tó ń bọ̀ òun náà á gé fún ẹlòmíì. Lábúlé bàbá mi, ẹnì kankan ò gbowó igi ẹ̀gẹ́ rí.

Bill Gates ní òun máa gbowó sọ́fítíwíà tòun. Òun àti Paul Allen dá Microsoft, ilé iṣẹ́ tó ṣe Windows, sílẹ̀ ní 1975, ìgbà tó fi máa di 1976 ó ti kọ lẹ́tà sáwọn tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà pé ẹ̀ ń sanwó kọ̀ǹpútà, BASIC, sọ́fítíwíà téèyàn fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, táwa jókòó kọ lẹ̀ ń dà kọ láàárín ara yín, ta ló máa ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́fẹ̀ẹ́? Inú bí wọn gan-an. Lójú tèmi, ó jàre, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀.

Nígbà tó yá IBM, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá kan, wá bá a ní 1980, wọ́n fẹ́ sọ́fítíwíà tó máa gbé kọ̀ǹpútà tuntun wọn ṣiṣẹ́, kò ní in nílẹ̀, ó lọ ra ti ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Seattle, owó tí ò tó 100,000 dọ́là. Ó fún IBM lò, àmọ́ kò tà á tán fún wọn o! Báwọn ẹlòmíì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kọ̀ǹpútà tó jọ ti IBM, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń wá sanwó sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ app fún oníbàárà tẹ́ ẹ sì ń kó gbogbo kóòdù lé e lọ́wọ́ lówó pọ́ọ́kú, ẹ tún ìyẹn gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ìtọrẹ àánú Gates wá ńkọ́? Ohun tó ń sọ ni pé ọjà ò rí tálákà: ibà ń pa ọmọ, àmọ́ ibi tówó wà làwọn tó ń ṣe oògùn ń wò. Ẹ wo rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ní 2012 ju ìdajì tó ṣẹlẹ̀ láyé lọ ni Nàìjíríà nìkan ní, ní August 2020 wọ́n kéde pé èyí tó ń wá fúnra ẹ̀, tí kì í ṣe tinú àjẹsára, ti tán nílẹ̀ Áfíríkà. Owó Gates wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan o, ẹgbẹ́ aláàánú Rotary ti wà níbẹ̀ kó tó dé, àwọn obìnrin tó ń gbé kúlà àjẹsára kọ́ èjìká ló sì rìn ín, kán méjì sẹ́nu ọmọ, fi yíǹkì kun ìka ọmọńdinrín ẹ̀, fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ògiri, ó di ojúlé kejì.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù wà níbí, ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lọ́nà Mọníyà. Owó fáúńdéṣọ̀n Gates wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ka jíìnì ẹ̀gẹ́, ìyẹn àbùdá tó jogún, látìgbà tó ṣì kéré, kí wọ́n lè mọ èyí tó máa dáa kó tó di pé wọ́n wà á. Tó bá délé àgbẹ̀, kí ló máa ṣe? Á gé igi fún aládùúgbò! Ọkùnrin tó kọ lẹ́tà 1976 ló ń sanwó kí wọ́n lè dà á kọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi í ní 2021 bóyá kí wọ́n pín ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe àjẹsára Kòrónà fáwọn orílẹ̀-èdè míì, rárá ló kọ́kọ́ sọ. Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọmọbìnrin kan nawọ́ lẹ́yìn. Ó ní, “Bọ̀dá, àgbẹ̀ tó ń fúnni nígi ẹ̀gẹ́, ó ti wa abẹ́ ẹ̀, ó ti fi ṣe gàrí. Àwa tá à ń kọ kóòdù, kí la máa fi ṣe gàrí tá a bá pín igi tán?”

Ó dá mi dúró díẹ̀. Mo wá sọ ti ilé iṣẹ́ Red Hat fún un, Linux, sọ́fítíwíà tó ń ṣe irú iṣẹ́ Windows, tẹ́nikẹ́ni lè mú lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi ń ṣòwò, ìtọ́jú ẹ̀ ni wọ́n ń gbowó lé, tó bá dojú rú láàárín òru, ẹ pè wọ́n, wọ́n á dìde. Ní 2019, ilé iṣẹ́ kan fi 34 bílíọ̀nù dọ́là rà wọ́n.

Ó ní, “Ilé iṣẹ́ wo?”

Mo ní IBM.