Ọ̀rọ̀ Jímọ̀: Owó tó wà nínú igbó, Àlùkùráánì ti gbọ́ ọ rí

Àsàlámù àlékùm, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú Jímọ̀ o. Ọlọ́hun á gba ìrun wa, á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé nínú àlàáfíà.

Nínú Súúrà Bákárà, áyà 219, àwọn èèyàn bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè nípa ọtí àti tẹ́tẹ́. Ẹ wo èsì tí Ọlọ́hun ní kó fọ̀ fún wọn: ẹ̀ṣẹ̀ ńlá wà nínú méjèèjì, àǹfààní sì wà níbẹ̀ fún àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wọn tóbi ju àǹfààní wọn lọ. Ọlọ́hun ò sọ pé kò sí èrè nídìí ọtí. Àwọn Lárúbáwá ayé ìgbà náà ń tà á, wọ́n ń jèrè, wọ́n ń fi èrè ọ̀hún bọ́ ọmọ. Ọba tó dá wa mọ̀ pé owó wà níbẹ̀, Ó sọ ọ́ jáde, lẹ́yìn náà ló wá gbé e sórí òṣùwọ̀n. Torí náà, ẹni tó bá dìde lónìí tó ní, "Àáfáà, ẹ ò mọ iye tó wà nínú igbó tí wọ́n ń fà ni," kò tíì sọ nǹkan tuntun.

Àríyànjiyàn yìí ló wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa, ní Ìlọrin níbí, láti Tánkẹ́ níbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí títí dé Ọjà-Ọba: ṣé kí ìjọba Nàìjíríà gba igbó láyè, kí wọ́n máa gbowó orí lórí ẹ̀? Kì í sì í ṣe ọmọ ìta nìkan ló ń sọ ọ́. Ní 2019, olóògbé Rotimi Akeredolu, tó jẹ́ gómìnà Òǹdó nígbà náà, bá ọ̀gá àgbà NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, lọ sí Thailand, kí wọ́n lọ wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún oògùn níbẹ̀. Buba Marwa, tó gba ipò ọ̀gá àgbà àjọ náà ní 2021, kọ̀ jálẹ̀ ní tiẹ̀, ó ní kò gbọdọ̀ wáyé. Òfin tó de igbó nílẹ̀ wa ti wà láti 1966, wọ́n sì dá NDLEA fúnra ẹ̀ sílẹ̀ ní 1989. Àwọn tó fẹ́ kí òfin yí padà máa ń tọ́ka sí Kánádà, tó ṣí ọjà igbó káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2018, wọ́n sì máa ń fi Gánà kún un. Àwọn tó ń fi Gánà dáhùn, ẹ rọra. Èyí tí òfin Gánà ń sọ ni irú igbó tí agbára tó ń pani bí ọtí nínú ẹ̀ ò ju ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, èyí tí wọ́n fi ń ṣe aṣọ, okùn àti oògùn. Ọmọ tó ń wé igbó lẹ́yìn ilé yín á fa ìyẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú, ojú ẹ̀ á ṣì dá kedere.

Ẹ jẹ́ ká yẹ owó ọ̀hún wò dáadáa, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Colorado (ìpínlẹ̀ ni mo wí o, kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ ń fà) dìbò fún un ní 2012, wọ́n ṣí ọjà ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2014. Wọ́n gbowó orí lóòótọ́, wọ́n sì ya apá kan sọ́tọ̀ fún kíkọ́ ilé ìwé. Mi ò ní purọ́ nítorí adínì. Adínì ò nílò irọ́ wa. Ní 2021, owó orí tí wọ́n rí lórí igbó lé ní mílíọ̀nù 400 dọ́là. Nígbà tó fi máa di 2023, kò tó mílíọ̀nù 300 mọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ti ṣí ọjà tiwọn, iye tí wọ́n ń tà á sì ti já wálẹ̀.

Ìjọba tó bá ti ka irú owó yìí mọ́ ètò ìnáwó ọdún, kí ni yóò máa fẹ́? Ṣé kí àwọn tó ń fà á dín kù ni, àbí kí wọ́n máa pọ̀ sí i? Bí wọ́n bá dín kù, owó ilé ìwé ò ní pé. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun èmi nìyẹn. Ìjọba tí Ọlọ́hun fi ṣe olùṣọ́ àwọn ọmọ wa á di ẹni tó ń wọ̀nà kí wọ́n máa rà á.

Ta ni yóò sì san án? Àjọ tó ń ṣe ìṣirò nílẹ̀ wa àti àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró ṣe ìwádìí kan ní 2018. Ohun tí wọ́n rí ni pé èèyàn mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, mílíọ̀nù 10.6 nínú wọn ló lo igbó. Àwọn wọ̀nyí ni owó orí ọ̀hún máa tọwọ́ wọn jáde: ọmọ tó ń gun ọ̀kadà, ọmọ tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí ìyá ẹ̀ ń ta ẹ̀kọ fi sanwó ilé ìwé. A ó gbowó lọ́wọ́ wọn, a ó sì fi kọ́ ilé ìwòsàn tí a ó ti máa tọ́jú orí tó dàrú. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti tú páànù orí ilé ẹ̀ tà kó lè ra garawa tí yóò fi máa gbe omi tó ń jò.

Ní ti Thailand tí wọ́n lọ wò yẹn: ó jáwọ́ lára òfin tó de igbó ní 2022, ṣọ́ọ̀bù igbó gba gbogbo ìgboro. Ní 2025, ìjọba wọn tún padà sẹ́yìn, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rà á mọ́ láìsí ìwé dókítà. Ẹ kọ́gbọ́n lára onílé kó tó dé ilé tiwa.

Ẹ̀rù òṣì ló ń ba ìjọba, ó sì ń ba àwa náà. Ọlọ́hun mọ̀. Nígbà tí àṣẹ dé pé àwọn abọ̀rìṣà ò gbọdọ̀ súnmọ́ Mọ́ṣáláṣí Abọ̀wọ̀ ní Mẹ́kà mọ́, àyà àwọn ará ibẹ̀ já. Àwọn àlejò yẹn ló ń kó ọjà wá, àwọn ló ń ná owó. Báwo la ó ṣe jẹun? Áyà 28 nínú Súúrà Táóbà sọ̀ kalẹ̀: bí ẹ bá ń bẹ̀rù òṣì, Ọlọ́hun á rọ̀ yín lọ́rọ̀ láti inú ọlá Rẹ̀ bí Ó bá fẹ́. Ẹ padà lọ ka áyà yẹn. Kò sọ fún wọn pé ìbẹ̀rù wọn ò nídìí. Ọrọ̀ ajé wọn máa mì lóòótọ́, Ọlọ́hun sì ní kí wọ́n pa àṣẹ mọ́ ná. Mi ò mọ èsì tó ju ìyẹn lọ fún ẹni tó bá ní ìlú ò lè là láìjẹ́ pé a ta igbó.

Nínú hàdíìsì tí Tirmidhi àti Ibn Majah gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣẹ́bi lé èèyàn mẹ́wàá lórí ọ̀rọ̀ ọtí. Ẹni tó ń mu ún wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó kù: ẹni tó ń fún èso tí wọ́n fi ń ṣe é, ẹni tó ń rù ú, ẹni tó ń bù ú fúnni, ẹni tó ń tà á, ẹni tó ń rà á. Ẹni tó ń jẹ owó ẹ̀ náà wà níbẹ̀. Kò fẹnu kàn án, kò fọwọ́ kàn án, owó ẹ̀ nìkan ló jẹ. Ṣé ìyàtọ̀ wà láàárín ìyẹn àti owó orí? Ẹ dá a lóhùn fúnra yín.

Wọ́n á ní ọtí la ń wí, kì í ṣe igbó. Sàyídínà Umar ti dá wa lóhùn lórí mínbárì: ọtí ni gbogbo ohun tó bá bo làákàyè mọ́lẹ̀. Wọ́n á tún ní, ìjọba ṣáà ń gba owó orí lórí bíà àti sìgá, kí ló dé tí igbó fi yàtọ̀? Fún Mùsùlùmí, bíà ò di hàláàlì nítorí pé ìjọba lọ́wọ́ nínú ẹ̀. A ò lè fi ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe ẹlẹ́rìí fún ìkejì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ kì í fa igbó, àgbo jẹ̀dí lásán lẹ̀ ń mu ní ìrọ̀lẹ́, ẹ bi ìyá alágbo ohun tó rẹ sínú ògógóró yẹn. Ohun tí púpọ̀ ẹ̀ bá ń pani, díẹ̀ ẹ̀ náà háráàmù.

Ọ̀rọ̀ oògùn yàtọ̀, mi ò sì ní da méjèèjì pọ̀. Ní 2018, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn wárápá àwọn ọmọdé kan tí wọ́n yọ láti ara ewé yìí, tí kì í sì í pani bí ọtí. Ìyẹn wà lọ́wọ́ dókítà, ó ní ìwọ̀n. Kò sóhun tó pa á pọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù tí ẹnikẹ́ni lè yà sí.

Ó wá kan àwa àáfáà àti ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí, torí olóṣèlú nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. À ń pariwo pé kí ìjọba má gbowó orí lórí igbó, bẹ́ẹ̀ àwa ti ń gba tiwa. Ẹ wá síbi wòlímọ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde pé lágbájá gbé owó ńlá kalẹ̀ fún àtúnṣe mọ́ṣáláṣí. Gbogbo àdúgbò mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Wọ́n mọ ṣọ́ọ̀bù tí kì í ta nǹkan kan lọ́sàn-án, tí èrò ń kún inú ẹ̀ lóru. Àwa á tẹ́wọ́, àwa á ṣe é ládùúà pé kí Ọlọ́hun fi bàráká sínú òwò ẹ̀. Òwò wo? Ànábì wí, Muslim sì gbà á wá, pé ẹni mímọ́ ni Ọlọ́hun, kì í gbà àyàfi ohun tó mọ́. Bí mọ́ṣáláṣí ò bá ní fáànù, ẹ jẹ́ ká máa làágùn kírun. Ìlọrin tí wọ́n ń pè ní ìlú àáfáà, owó igbó kọ́ ló kọ́ ọ.

Àwọn ọmọ tó ti wà nínú ẹ̀ ńkọ́? Ọkùnrin kan wà láyé Ànábì tí wọ́n máa ń mú wá léraléra nítorí ọtí, tí wọ́n á sì nà án. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan ṣẹ́bi lé e. Ànábì ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní òun mọ̀ pé ọkùnrin yẹn nífẹ̀ẹ́ Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Bukhari ló gbà á wá. Ìjìyà ò yẹ̀ lórí ẹ̀, ìfẹ́ náà ò sì yẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bá àwọn tó ń pariwo "ẹ kó gbogbo wọn sẹ́wọ̀n" lọ. Ẹni tó ń tà á yàtọ̀ sí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí ọ̀rẹ́ fi hàn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má gbé ọmọ lọ fún ẹni tí yóò fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é tí yóò máa nà án lórúkọ adínì. Ẹ rántí èyí tí ọlọ́pàá bá pàdé ní Kàdúná ní 2019, nínú ilé tí wọ́n ń pè ní ilé kéwú: àwọn ọkùnrin àti ọmọdé tó lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta nínú ìyà, wọ́n de àwọn míì mọ́lẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú irú èyí wà ní UITH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin níbí. NDLEA náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń ran àwọn tó fẹ́ jáwọ́ lọ́wọ́, tọ̀sán-tòru: 0800 1020 3040. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ojú ọmọ náà bá sì ti dá lónìí, ẹ mú un dání lọ sí Jímọ̀. Bí aṣọ ẹ̀ bá ń rùn, ẹ fún un ní jàlàbíà mìíràn, kẹ́ ẹ jókòó tì í ní sáàfù kan náà.