Kí Ìkórìíra Ẹ̀sìn Má Bá Ọ Dé Ibi Ìdìbò

Às-sàlámù àlàékúm wà ráhmátúlláhì wà bàrákátúh. Ẹ̀yin ará nínú Ìsìláàmù, ẹ kú Jímọ̀ òní o.

Ọlọ́hun Ọba sọ nínú Súrà Máídà, áyà kẹjọ, pé kí ìkórìíra tí a ní sí àwọn ènìyàn kan má ṣe mú wa yẹsẹ̀ kúrò lórí déédé. Ó ní ká ṣe déédé, torí òun ló súnmọ́ ìbẹ̀rù Ọlọ́hun jù. Ìgbà tí wọ́n bá ń rẹ́ wa jẹ la sábà máa ń rántí áyà yìí. Lónìí, ẹ jẹ́ ká kà á nítorí àwọn ẹlòmíràn: àwọn Mọ́mọ́nì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti ohun tí ojú wọn rí nínú ìpolongo ìbò.

Joseph Smith ló dá ìjọ wọn sílẹ̀ ní 1830. Ìgbàgbọ́ wọn kò bá tiwa mu. Wọ́n ní ọmọ Ọlọ́hun ni Ànábì Ísà, wọ́n sì ní ìwé mìíràn tí wọ́n gbà pé ó ti ọ̀run wá. A ò gba ìyẹn, a ò sì ní fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n pé èèyàn ò gba ẹ̀sìn ẹnìkan kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ kó ṣàbòsí sí i.

Ní 24 October 1838, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn tó ti bínú kúrò búra sínú ìwé pé Smith ń lérí pé òun máa jẹ́ Muhammad kejì fún ìran òun. Ọjọ́ kẹta sí i, Gómìnà Lilburn Boggs pàṣẹ pé kí wọ́n lé àwọn Mọ́mọ́nì kúrò ní ìpínlẹ̀ náà tàbí kí wọ́n pa wọ́n run. 1976 ni gómìnà mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ fagi lé àṣẹ yẹn. Ẹ wò ó dáadáa: nígbà tí wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa fi ba orúkọ Mọ́mọ́nì jẹ́, orúkọ Ànábì wa ni wọ́n mú.

Smith gbé àpótí ìbò ààrẹ ní 1844. Kò tíì parí ìpolongo tí àwọn jàǹdùkú fi ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Carthage ní Illinois, tí wọ́n yìnbọn pa á ní 27 June. Nígbà tó yá, ní Idaho, wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ dìbò gbọ́dọ̀ búra pé òun ò sí nínú ìjọ tó ń kọ́ni ní ìkóbìnrinjọ, bí ìjọ Mọ́mọ́nì ṣe ń kọ́ni nígbà náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì fọwọ́ sí i ní 1890. Reed Smoot, Mọ́mọ́nì kan, wọlé Sẹ́nétọ̀ láti Utah ní 1903. Ìyàwó kan ṣoṣo ló ní, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkóbìnrinjọ ni wọ́n gbé kọ́ ọ lọ́rùn, ó sì di February 1907 kí àwọn Sẹ́nétọ̀ tó dìbò pé kó dúró sórí àga rẹ̀.

Nígbà tí Mitt Romney, Mọ́mọ́nì tó jẹ́ gómìnà Massachusetts tẹ́lẹ̀, jáde fún ipò ààrẹ, kò sẹ́ni tó tún lè fi òfin dè é. Abala kẹfà ìwé òfin Amẹ́ríkà kọ̀ ọ́ pé kí wọ́n fi ẹ̀sìn dán ẹni tó fẹ́ gbapò wò. Ọkàn olùdìbò ló kù tí wọ́n lè bá jà. Ní November 2007, fóònù ń dún nílé àwọn ará New Hampshire àti Iowa. Ẹni tó pè á ní ìwádìí èrò aráàlú lòun ń ṣe. Tó bá yá, á máa ki ọ̀rọ̀ tí kò dára nípa ẹ̀sìn Romney bọ inú ìbéèrè, á wá ní ṣé èyí á jẹ́ kí o dìbò fún un tàbí kí o má dì í. Òfin New Hampshire ní kí irú olùpè bẹ́ẹ̀ sọ ẹni tó rán an níṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi dé iwájú agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà.

Ní December ọdún yẹn kan náà, Mike Huckabee, tí òun àti Romney jọ ń du àsíá ẹgbẹ́ òṣèlú Republican, bi oníròyìn kan pé ṣé kì í ṣe àwọn Mọ́mọ́nì ló gbà pé arákùnrin ni Jésù àti èṣù? Ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Àmọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, tó bá ti jáde lẹ́nu, àforíjì kì í bá a dé gbogbo ibi tó dé. Ní October 2011, Pásítọ̀ Robert Jeffress sọ fún àwọn oníròyìn pé Romney kì í ṣe Kristẹni, pé ẹ̀sìn àdámọ̀ ni ìjọ rẹ̀.

Èyí tó léwu jù lọ́dọ̀ mi ni èyí tí olùdìbò ń fi pamọ́. Nínú ìbò 2008, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Vanderbilt rí i pé lára àwọn tó ní àwọn ò fẹ́ Romney torí pé kì í dúró lórí ọ̀rọ̀ kan, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀sìn rẹ̀ gan-an ló ń bí wọn nínú. Ojú ń tì wọ́n láti sọ ọ́, wọ́n wá àwáwí tó dùn létí. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti sọ pé àníyàn ni iṣẹ́ dúró lé. Ẹni tó bá ní àníyàn méjì, ọ̀kan fún ẹnu, ọ̀kan fún ọkàn, èyí tó wà lọ́kàn ni Ọlọ́hun máa bi í.

Kí ni gbogbo èyí ṣe sí ìbò? Nínú ìdìbò abẹ́lé ní Iowa, 3 January 2008, bí 6 nínú 10 àwọn Republican tó jáde ló jẹ́ Kristẹni ajíhìnrere (evangelical). Nínú wọn, 46 nínú 100 tẹ̀lé Huckabee, 19 tẹ̀lé Romney. Lóòótọ́, pásítọ̀ Baptist ni Huckabee tẹ́lẹ̀, àwọn kan kàn tẹ̀lé ẹni tiwọn ni. Ṣùgbọ́n ní November 2012, tí Romney kojú Obama, bí 8 nínú 10 àwọn ajíhìnrere aláwọ̀ funfun ló dìbò fún Romney. Nínú ìdìbò abẹ́lé, Republican mìíràn wà tí wọ́n lè mú, ìkórìíra ò ná wọn ní nǹkankan. Nígbà tó fẹ́ ná wọn ní ipò ààrẹ, wọ́n gbé e tì. Ẹ̀sìn tó ṣeé gbé tì báyẹn, ṣé Ọlọ́hun ni wọ́n ń gbèjà tẹ́lẹ̀?

Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Nínú ìwádìí Gallup ti June 2012, 18 nínú 100 ará Amẹ́ríkà ní àwọn ò ní dìbò fún Mọ́mọ́nì tó bá tiẹ̀ kúnjú ìwọ̀n. Àwọn tí kò ní dìbò fún Mùsùlùmí tó 40. Ní 7 December 2015, Donald Trump ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà mọ́ Mùsùlùmí. Lọ́jọ́ kejì, ìjọ Mọ́mọ́nì gbé ìwé jáde láti gbèjà òmìnira ẹ̀sìn. Òfin ìlú wọn ní Nauvoo ní Illinois, ní 1841, ti dárúkọ àwọn ọmọlẹ́yìn Muhammad lára àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀sìn wọn níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá Mùsùlùmí tí ẹ ń dìbò ní Amẹ́ríkà, àmáánà ni ìbò yín, ẹ̀rí jíjẹ́ sì ni. Nígbà Híjírà, ọmọ ẹ̀yà Banu Dil tó ṣì wà lórí ẹ̀sìn àwọn kèfèrí Kùráyṣì ni Ànábì àti Abu Bakr háyà láti fi ọ̀nà hàn wọ́n. Wọ́n fa ràkúnmí méjèèjì lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó bá àwọn ní ihò òkè Sáúrù lẹ́yìn òru mẹ́ta, ẹ̀mí wọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ ọ̀nà, ó sì ṣeé fọkàn tán. Ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ nìyẹn.

Nítorí náà, ohun tí olùdíje ṣe ni kí ẹ wò. Títí di June 1978, ìjọ Mọ́mọ́nì kì í fi aláwọ̀ dúdú joyè àlùfáà. Ọ̀rọ̀ tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni. Síbẹ̀, ní June 1963, George Romney, bàbá Mitt, tó jẹ́ gómìnà Michigan, rìn nínú ìwọ́de ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú ní Grosse Pointe. Ẹni tó fi ìjọ rẹ̀ nìkan ṣèdájọ́ rẹ̀ á ṣì í mú. Tí ètò ìlera olùdíje kan, ètò owó orí rẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ogun rẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ̀ ọ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹ sì bi ara yín: ká ní Mùsùlùmí ló ṣe ohun kan náà, ṣé màá kọ̀ ọ́?

Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá dé sórí WhatsApp pé ẹlẹ́sìn báyìí ń bọ èṣù, Súrà Hujurát áyà kẹfà ní kí ẹ wádìí kí ẹ tó gbà á. Ẹni tó bá ti fi ránṣẹ́, ìrònúpìwàdà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun nìkan kò tíì tó, torí ẹ̀tọ́ ẹ̀dá ti wọ̀ ọ́. Kó padà sínú ẹgbẹ́ kan náà tó fi í sí, kó sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́, kó sì sọ dáadáa tó mọ̀ nípa ẹni náà níbi tó ti sọ burúkú rẹ̀.