Aràn tó ń dá bímọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ wo ìbẹ́pẹ ọwọ́ mi yìí, Oyingbo ni mo ti mú un láàárọ̀, ìyá tó ń tà á ti jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ torí ó ti rà. Irú nǹkan jíjẹrà báyìí ni aràn kan tí wọ́n ń pè ní C. elegans fẹ́ràn, kì í ṣe aràn inú ikùn tí wọ́n ń fún wa lóògùn ẹ̀ ní kékeré o, eléyìí ò bá èèyàn jà, bakitéríà ló ń jẹ, gígùn ẹ̀ ò sì ju bíi mìlímítà 1 lọ.

Aràn inú ikùn yẹn, akọ wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀. Ekòló tí ẹ ń rí lẹ́yìn òjò, akọ àti abo wà lára ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń wá ẹnìkejì. C. elegans ò dúró de ẹnì kankan.

Ara abo ló ní, àmọ́ bó ṣe ń dàgbà bọ̀, àtọ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣe, bíi 300, á kó o pamọ́ sínú àpò kéékèèké méjì nínú ara ẹ̀, lẹ́yìn náà á dáwọ́ àtọ̀ dúró pátápátá, ẹyin ló kù tí á máa ṣe, ẹyin kọ̀ọ̀kan tó bá sì ń bọ̀ á gba inú àpò yẹn kọjá, ibẹ̀ ló ti ń pàdé àtọ̀. Ẹ gbọ́ mi yé o, àtọ̀ tó ṣe ní kékeré ló fi ń bímọ lágbà! Bí ọmọge tó dá àjọ sílẹ̀ tó wá ń ná an díẹ̀díẹ̀ nílé ọkọ. Tọ́mọ bá ti tó bíi 300, àjọ tán, ẹyin lè ṣì máa jáde àmọ́ kò ní di ọmọ mọ́.

Àfi tí akọ bá yọjú. Wọ́n wà, wọ́n kàn ṣọ̀wọ́n ni, bíi 1 tàbí 2 nínú 1,000. Krómósómù X, ìyẹn ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó ń pinnu akọ tàbí abo, méjì ni èyí tó ń dá bímọ ní, tí X kan bá sọnù níbi tí wọ́n ti ń pín in fún ọmọ, akọ nìyẹn. Àtọ̀ akọ tóbi, ó máa ń ti ti ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọ ìyá yẹn á wá lè lé ní 1,000, bí ìdajì wọn á sì jẹ́ akọ.

Sydney Brenner, ọmọ South Africa, ló mú aràn yìí wọ lábù ní Cambridge láàárín ọdún 1960 sí 1970, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2002, òun àti àwọn méjì míì.

Ẹ wá wo èrè dídá bímọ yìí o. Tí ìgbín bá gbé ẹyọ kan ṣoṣo dé orí ìbẹ́pẹ tuntun, tí ò bá ẹnì kankan níbẹ̀, ọmọ náà ló máa bí, lẹ́yìn ọjọ́ bíi 3 sí 4 àwọn ọmọ yẹn náà á ti máa bímọ tiwọn, ìbẹ́pẹ yẹn ò sì tíì rà tán.