Ìdìbò ilé aṣòfin ní Kúbà: àga 470, olùdíje 470

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2023, àwọn ará Kúbà dìbò yan aṣòfin. Àga 470 ló wà nílẹ̀, olùdíje 470 ló jáde, gbogbo wọn ló wọlé. Báwo ló ṣe ń rí bẹ́ẹ̀?

Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì nìkan ni òfin ibẹ̀ fọwọ́ sí, síbẹ̀ kì í fa olùdíje kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní comisión de candidaturas ló ń ṣe é. Aṣojú CTC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ni alága. Àwọn tó kù wá látinú ẹgbẹ́ obìnrin, ti àgbẹ̀, ti akẹ́kọ̀ọ́ àti CDR, ìgbìmọ̀ agbèjà ìyípadà ìjọba tó wà ládùúgbò. Gbogbo wọn ló ń tẹ̀ lé Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì. Asẹ́ gan-an rè é.

Ìdìbò ìbílẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn aládùúgbò á pàdé, wọ́n á nawọ́ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ fà kalẹ̀, ó kéré tán olùdíje méjì gbọ́dọ̀ wà. Àmọ́ ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti ń nawọ́ yẹn, ìyẹn sì le fún alátakò. Àwọn tó bá wọlé níbẹ̀ kò lè ju ìdajì olùdíje ilé aṣòfin àpapọ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ lè sọ pé àwọn ò fẹ́ orúkọ kan, ṣùgbọ́n comisión náà ni yóò tún mú òmíràn wá.

Ẹ wá wo ìwé ìdìbò. Orúkọ tó wà níbẹ̀ kò ju iye àga ẹkùn náà lọ. Àpótí kékeré wà fún orúkọ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ òbìrìkítí kan wà fún “Voto por todos”: ẹni tó bá fàmì sí i ti dìbò fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Èèyàn lè mú ẹnì kan péré, ṣùgbọ́n kò sí àyè láti kọ “rárá” sí ẹnikẹ́ni. Olùdíje nílò ju ìdajì ìbò tó péye. Kò sì sí ẹni tó ń bá a du àga náà.

Nítorí náà, tí èsì bá jáde, iye ẹni tó jáde wá dìbò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ní 2013, ó lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2023, kò tó 77. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìwé òfìfo àti èyí tó bàjẹ́. Ibẹ̀ ni àtakò máa ń fara hàn.

Àwọn aṣòfin yìí ló ń yan ààrẹ, kì í ṣe aráàlú. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún kan náà, wọ́n tún yan Miguel Díaz-Canel sípò ààrẹ: ó gba ìbò 459 nínú 462 tí wọ́n dì.